Ẹ̀jẹ̀ Tí Wọ́n Pàtẹ́wọ́ Fún

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kì í bẹ ènìyàn. Láti kékeré, tó bá fẹ́ kí o ṣe nǹkan fún òun, àṣẹ ni yóò pa, yóò sì máa wo ibòmíràn bí ẹni pé kì í ṣe ìwọ ló ń bá wí. Nítorí náà, láàárọ̀ ọjọ́ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí mo ti ń ránṣọ, tó ní, "Jọ̀ọ́, mú ọwọ́ rẹ wá," ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín. Ìgbà tí mo rí ojú rẹ̀ ni ẹ̀rín náà gbẹ lẹ́nu mi.

Ẹ̀rọ kékeré tó fi ń wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ò ní ìtọ̀ ṣúgà. Òun ló ní in, ó sì ti ń bá a gbé láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ṣì wà láyé. Mo bi í pé kí ni ẹ̀jẹ̀ mi fẹ́ ṣe nínú ẹ̀rọ tirẹ̀. Ó ní kí n ṣáà mú ọwọ́ wá, pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Ta ni abẹ́rẹ́ kò gún rí nínú àwa tó ń ránṣọ? Mo na ìka sí i. Ẹ̀rọ náà mu ẹ̀jẹ̀ mi, ó rò ó wò díẹ̀, ó sì yọ àwọ̀ ewé, èyí tó túmọ̀ sí pé gbogbo nǹkan dára. Ẹ̀gbọ́n mi mí kanlẹ̀, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀ láìdúpẹ́.

Ohun tó gbé e débẹ̀ kò ju ọmọ tó bí lọ. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin, Ìbéèrè la sì ń pè é nílé, torí láti ìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ ni kò ti jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sinmi. Kí ló dé tí ọwọ́ aago fi ń yí sápá ọ̀tún? Ta ló ní kó máa yí síbẹ̀? Alátùn-únṣe aago ni bàbá rẹ̀, yàrá iwájú ilé ló ti ń ṣiṣẹ́, a sì máa dá a lóhùn títí itọ́ ẹnu rẹ̀ yóò fi gbẹ. Ọmọ náà kàwé, ó kà á débi tí apá wa ò fi ká ohun tó ń kà mọ́. Ní báyìí, ó wà lára àwọn tó ń ṣèwádìí nípa ẹ̀rọ fún àwọn tí àìsàn ọlọ́jọ́ gbọọrọ ń bá fínra. Bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi ni pé àwọn kì í jókòó sí ọ́fíìsì kí àwọn kàn máa ro ohun tó lè wu aláìsàn. Wọ́n á lọ bá a nílé, wọ́n á bi í ní ohun tó ń ni ín lára, wọ́n á wo bó ṣe ń jí, bó ṣe ń jẹun, ohun tó ń dẹ́rù bà á, kí wọ́n tó fọwọ́ kan iṣẹ́ kankan. Mo ní iṣẹ́ gidi nìyẹn. Mo ṣì gbà bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ ṣe ni wọ́n ń pè ní Ojú Ọmọ. Tí bàbá tàbí ìyá tó ní ìtọ̀ ṣúgà bá ti gún ìka, tí ẹ̀rọ sì ti ka ẹ̀jẹ̀, nọ́ńbà tó jáde á fò lọ sórí fóònù ọmọ níbikíbi tó bá wà. Tó bá dára, àwọ̀ ewé. Tí kò bá dára, á pọ́n, fóònù á sì máa ké. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Òkèèrè ni Ìbéèrè wà nígbà tí ìyá rẹ̀ ṣàìsàn, ìyá náà sì ń sọ fún un lórí fóònù pé kò sí nǹkan kan, kò sí nǹkan kan, títí tí kò fi lè sọ ọ́ mọ́. Ọmọ náà fi ara rẹ̀ búra pé irú rẹ̀ kò ní ṣẹlẹ̀ sí bàbá òun.

Gbogbo àwọn aláìsàn yòókù tó fẹ́ lo Ojú Ọmọ ló lọ bá nílé. Ó jókòó tì wọ́n, ó bi wọ́n léèrè, ó gbọ́ ẹnu wọn. Ti bàbá rẹ̀, ìgbà tó wá kí wa ló gbé e lé e lọ́wọ́, ó fi ibi tí wọ́n ń tẹ̀ hàn án, ó gbá a mọ́ra, ó sì sáré lọ wọ ọkọ̀. Ta ló tún ń wádìí lọ́wọ́ bàbá tó bí i? Ó rò pé òun ti mọ̀ ọ́n.

Láti ọjọ́ náà ni àlàáfíà ti kó ẹrù rẹ̀ nílé wa. Tí nọ́ńbà bá ti gòkè díẹ̀, fóònù á dún. Kí lẹ jẹ lánàá? Búrẹ́dì. Ṣé ẹ fi ṣúgà sí tíì? Ta ló ra ṣúgà wálé? Ẹ gbé fóònù fún Àǹtí. Ẹ̀gbọ́n mi, tí ọkùnrin kankan ò lè bú nígbà tó lágbára, á wá máa ka oúnjẹ tó jẹ fún ọmọ rẹ̀ bí ọmọ iléèwé tó ń ka iṣẹ́ àmúrelé tí kò ṣe.

Ọjọ́ tó bàjẹ́ pátápátá ni ọjọ́ tí adájọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì gbé aago rẹ̀ wá. Ènìyàn pàtàkì ni, ó sì máa ń bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi gan-an, ó ní kò sí ọwọ́ ẹlòmíràn tí òun lè fi aago òun sí. Ẹ̀gbọ́n mi ti tú ìdí aago náà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà nínú rẹ̀, ni fóònù bá dún. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ síta. Ohùn Ìbéèrè kún inú yàrá. Ó ní, "Bàbá, ẹ tún ti jẹ nǹkan dídùn. Ẹ má purọ́ fún mi, mo ń rí yín." Mo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo gbọ́ ọ. Adájọ́ náà yíjú sí àwọn aago ara ògiri, ó ń wò wọ́n bí ẹni pé ó fẹ́ ra gbogbo wọn. Ẹ̀gbọ́n mi sáré fa ọwọ́ yọ láti pa fóònù náà, ìdè kékeré kan sì bọ́ nínú aago náà. Lẹ́yìn tí àlejò lọ, orí eékún ló wà, ó ń wá ìdè náà nílẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, kò jẹun. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló wá sí yàrá mi, tó ní kí n mú ọwọ́ wá.

Ẹ̀ẹ̀kan tó pè é di ẹ̀ẹ̀kejì, ó di ohun tí a ń ṣe láràárọ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ń fọ eyín. Fóònù kò ké mọ́. Dípò kó máa bínú, Ìbéèrè bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn ránṣẹ́, á ní, "Bàbá mi, ẹ kú iṣẹ́ o, mo ń fi yín yangàn níbi iṣẹ́." Ẹ̀gbọ́n mi á gbọ́ ọ tán, á tún tẹ̀ ẹ́, á tún gbọ́ ọ. Ìgbà náà ni ojú kọ́kọ́ tì mí, torí mo rí bí inú rẹ̀ ṣe ń dùn sí oríyìn tí kì í ṣe tirẹ̀. Àmọ́ èmi náà ń jẹ nínú rẹ̀. Ilé ti rọ̀, a tún ti ń ṣẹ̀fẹ̀, mo sì máa ń pe ara mi ní ẹlẹ́jẹ̀ rere.

Ohun tí mi ò tètè ronú kàn ni pé òun fúnra rẹ̀ kò mọ bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe rí mọ́. Ẹ̀rọ yẹn kì í pa àṣírí. Gbogbo ìgbà tó bá ti mu ẹ̀jẹ̀ ló ń ránṣẹ́ sọ́dọ̀ ọmọ, kò sí bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe lè yẹ tirẹ̀ wò kó má dé etí Ìbéèrè. Nítorí náà kò yẹ ẹ́ wò. Ó ń gbé oògùn rẹ̀ mì, ó ń jẹ ohun tó wù ú. Ilé ìwòsàn, tí Ojú Ọmọ ń fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí pẹ̀lú, rí nọ́ńbà mi lórí ẹ̀rọ tiwọn, wọ́n yìn ín, wọ́n ní kó má wulẹ̀ máa dààmú wá bíi ti tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni bàtà tuntun kan họ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọńdinrín ẹsẹ̀. Mo bá a fi omi iyọ̀ wẹ̀ ẹ́. Kò san. Mo tún wẹ̀ ẹ́. Mo bi í bóyá ó ń dùn ún, ó ní kò dùn òun rárá, ó sọ ọ́ bí ìròyìn ayọ̀. Ìyẹn gan-an ló já mi láyà, torí èmi náà ti gbọ́ pé àìsàn yẹn máa ń pa ẹsẹ̀ kú kó tó pa ẹni tó ni ín. Mo ní kí a sọ fún Ìbéèrè. Ó wò mí, ó ní, "Ṣé o fẹ́ kó mọ̀ pé olè ni wá?" Mo pinnu pé tó bá di ìparí ọ̀sẹ̀, bó fẹ́ bó kọ̀, màá pe ọmọ náà.

Kí ìparí ọ̀sẹ̀ tó dé, ọmọ náà ló pè wá. Ayọ̀ ò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀ dáadáa. Wọ́n fẹ́ fi iṣẹ́ wọn han gbogbo ènìyàn nínú gbọ̀ngàn, àwọn aláìsàn àti ẹbí wọn, àwọn dókítà, àti ilé-iṣẹ́ kan tó fẹ́ ṣe Ojú Ọmọ lọ́pọ̀ kí ó lè dé ọ̀dọ̀ ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn. Nọ́ńbà bàbá rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, láìdárúkọ. Ó ní gbogbo ohun tí òun ti ń fi ọdún wọ̀nyí ṣe, ọjọ́ yẹn ni yóò dúró tàbí kó wó. Kí ni ẹ fẹ́ kí n sọ? Mo ní kú oríire. Mo sọ fún ara mi pé kí ọjọ́ náà kọjá ná. Egbò náà ti ń rùn díẹ̀ nígbà yẹn.

Gbọ̀ngàn náà tutù ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n fi bébà tí a kọ orúkọ sí kọ́ wa lọ́rùn, wọ́n gbé ìgò omi sí ìjókòó kọ̀ọ̀kan. Níwájú wa, awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan tí òun náà ń lo Ojú Ọmọ jókòó pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin. Lápá òsì, ìyá kan tí oríkèé ọwọ́ rẹ̀ ti wú ń fi ṣíbí kan han ẹni tó tẹ̀ lé e, ṣíbí tí wọ́n ṣe fún un lẹ́yìn tí wọ́n ti wo bó ṣe ń jẹun. Ó ń dì í mú, ó ń jù ú sílẹ̀, ó tún ń dì í mú, inú rẹ̀ ń dùn. Mo rí i pé iṣẹ́ ire ni àwọn ọmọ yìí ń ṣe, ìyẹn ló jẹ́ kí ìdí mi má balẹ̀ lórí àga.

Ìbéèrè jáde pẹ̀lú kóòtù dúdú tí èmi fúnra mi rán fún un. Apá òsì rẹ̀ gùn díẹ̀ ju ọ̀tún lọ. Ó sọ̀rọ̀ dáadáa, kò fọ́nnu, kò fi ìwé dá wa lágara. Ó wá fi àwòrán kan han lára ògiri, ìlà kan tó ń gòkè tó ń sọ̀ bí ẹsẹ̀ ọ̀mùtí, ó ní ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan nìyí kí Ojú Ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú un lára dá. Ìyẹn ni ẹ̀gbọ́n mi. Níbì kan, ìlà náà sọ̀ kalẹ̀, ó nà tọ́ọ́rọ́, ó sì di àwọ̀ ewé. Ìyẹn ni èmi.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Nínú gbogbo aṣọ tí mo ti rán láyé mi, kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́ fún ọ̀kan rí, ẹ̀jẹ̀ mi ni wọ́n wá ń pàtẹ́wọ́ fún. Kí n má tan ara mi, inú mi kọ́kọ́ dùn díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ojú tì mí débi pé ọrùn mi gbóná. Ẹ̀gbọ́n mi náà ń pàtẹ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, jẹ́jẹ́, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Obìnrin kan dìde, ó ní ọkọ òun kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tojú bọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣé kò ní rò pé wọ́n ń ṣọ́ òun ni? Ìbéèrè rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọkùnrin tí wọ́n ń wò lára ògiri yìí, ó sì yẹ kí òun mọ̀, torí bàbá òun ni. Gbogbo ènìyàn yíjú. Ó ní kí bàbá òun dákun gòkè wá, kí wọ́n rí bó ṣe rọrùn tó pẹ̀lú ojú ara wọn.

Èmi ni mo kọ́kọ́ dìde. Mo ní ẹsẹ̀ ń dun ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní kí wọ́n lo ọwọ́ tèmi, ṣebí ọwọ́ lọwọ́ ń jẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín káàkiri gbọ̀ngàn. Ìbéèrè ní, "Àǹtí mi nìyẹn, ẹ má dá wọn lóhùn." Ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ kan apá mi, mo sì jókòó. Ó ń rọra tiro bó ṣe ń gun àtẹ̀gùn pẹpẹ náà.

Ọmọ rẹ̀ gún un níka. Nọ́ńbà tó jáde lára ògiri tóbi débi tí mo kọ́kọ́ rò pé nọ́ńbà ilé ni. Ògiri pọ́n. Fóònù tó wà nínú kóòtù Ìbéèrè bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ọmọ náà sì ń wá ibi tí yóò ti pa á. Ó ní bóyá ṣúgà ló wà lọ́wọ́ Bàbá, ó nu ìka náà, ó tún gún òmíràn. Nọ́ńbà kan náà. Ó pààrọ̀ ẹ̀rọ. Nọ́ńbà kan náà. Ọ̀gá wọn, obìnrin onírun gígé kan, gòkè wá, ó fi ẹ̀rọ náà gún ara rẹ̀, ó yọ àwọ̀ ewé. Àwọn tó wá láti ilé-iṣẹ́ yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ sétí ara wọn, ọ̀kan nínú wọn sì ti ń kó ìwé rẹ̀ sínú báàgì.

Ohùn Ìbéèrè ti tín-ínrín. Ó ní kí gbogbo ènìyàn forí jì í, pé nǹkan kan ti bàjẹ́ lára iṣẹ́ òun, pé bó bá jẹ́ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣe nìyí, a jẹ́ pé gbogbo ohun tí òun ti fi hàn láti àárọ̀ kò ṣeé gbọ́kàn lé. Ọmọ tí kì í rẹ̀wẹ̀sì. Mo rí i tó tẹrí ba.

Ẹ̀gbọ́n mi lè sọ̀ kalẹ̀. Kò sí ẹni tí ì bá mọ̀. Ẹ̀rọ ni wọn ì bá dá lẹ́bi, ọmọ ì bá sì jìyà rẹ̀. Ó dúró síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ṣì wà ní ìka rẹ̀. Ó gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀rọ yìí ò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀jẹ̀ mi lẹ rí yẹn. Èyí tí ẹ pàtẹ́wọ́ fún, ti àbúrò mi tó jókòó síbẹ̀ yẹn ni. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo ń gún láràárọ̀."

Ìbéèrè wò mí, ó tún wò ó. Nígbà tó yá, ó ní, "Kí ló dé, Bàbá?"

"Tí mo bá dá nìkan wo nọ́ńbà yẹn, àìsàn ni. Tí ìwọ bá ti rí i, ẹ̀ṣẹ̀ ló ń dà."

"Mo kàn fẹ́ kí ẹ wà láàyè ni."

"Mo mọ̀," ẹ̀gbọ́n mi sọ. Ó dá gbohùngbohùn náà padà fún un, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀.

Gbogbo orí tó wà nínú gbọ̀ngàn yí sọ́dọ̀ mi. Ó wù mí kí ilẹ̀ lanu. Mo ki ọwọ́ mi méjèèjì sábẹ́ apá, bí olè tí wọ́n ká ẹrù mọ́ lọ́wọ́. Níwájú mi, awakọ̀ tó ti ń mi orí sí gbogbo ọ̀rọ̀ láti àárọ̀ wá ń wo bàtà rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin bi í ní nǹkan kan, bàbá náà sì ká ìka ọwọ́ rẹ̀ sínú àtẹ́lẹwọ́. Ọ̀gá wọn ní kí gbogbo ènìyàn jáde lọ gba atẹ́gùn díẹ̀.

Yàrá kékeré kan wà lẹ́yìn pẹpẹ, àga tó kún ibẹ̀ ju ènìyàn lọ. Ìbéèrè ní kí bàbá rẹ̀ jókòó. Ó ti rí bó ṣe ń tiro. Ó kúnlẹ̀ nínú kóòtù dúdú yẹn, ó tú okùn bàtà, ó sì fẹ́ bọ́ ìbọ̀sẹ̀, àmọ́ ìbọ̀sẹ̀ náà ti lẹ̀ mọ́ ara. Òórùn náà jáde. Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí ògiri. Ìbéèrè kò pariwo, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ó gbójú sókè sí mi láti orí ìkúnlẹ̀ tó wà.

"Àǹtí, ṣé ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀."

Ì bá sàn kó bú mi. Ó kàn mi orí, ó sì ń fi omi inú ìgò rin ìbọ̀sẹ̀ náà kó lè ṣí jẹ́jẹ́.

Nílé ìwòsàn tó wà nítòsí ibẹ̀, dókítà ní egbò náà ti wọnú egungun. Ó béèrè bí ṣúgà ẹ̀gbọ́n mi ṣe rí láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè na fóònù rẹ̀ sí i, ó sì tún fà á padà. Kò sí ohun tó lè fi hàn án. Gbogbo àárọ̀ wọ̀nyẹn wà níbẹ̀ lóòótọ́, èmi ni mo ni gbogbo wọn. Wọ́n gé ọmọńdinrín ẹsẹ̀ náà àti èyí tó tẹ̀ lé e. Dókítà sọ fún wa, kì í ṣe pẹ̀lú ìbínú, pé ká ní wọ́n tètè rí i ni, oògùn lásán ì bá wò ó sàn.

Àwọn ará ilé-iṣẹ́ yẹn ti lọ, wọn ò dá ọjọ́ àbọ̀. Mo rò pé wọ́n máa lé ọmọ náà kúrò níbi iṣẹ́, àmọ́ ọ̀gá rẹ̀ ní kó padà lọ bá gbogbo àwọn tó ń lo Ojú Ọmọ, kó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó sọ fún mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn pé awakọ̀ bọ́ọ̀sì yẹn ti pe òun. Awakọ̀ náà ní òun fẹ́ bá Ìbéèrè sọ̀rọ̀, pé kí ọmọ òun má sí níbẹ̀. Mo bẹ Ìbéèrè pé kó dárí jì mí. Ó ní òun ò tíì lè dá mi lóhùn, mo sì gbà pé òótọ́ ló sọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, nọ́ọ̀sì gbé ẹ̀rọ wá fún ẹ̀gbọ́n mi lórí ibùsùn, ó ní bó bá lè gún ìka rẹ̀ fúnra rẹ̀, kó gún un. Ìbéèrè jókòó lórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí bàbá rẹ̀ ṣe mú abẹ́rẹ́, ó dìde, ó lọ dúró lójú fèrèsé, ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Fóònù rẹ̀ wà lórí tábìlì, ó ti pa á. Mo gbọ́ tí abẹ́rẹ́ náà dún kọ́. Mo gbọ́ tí ẹ̀rọ dún. Ẹ̀gbọ́n mi wò ó pẹ́.

"Wá wò ó," ó ní.

Ọmọ náà kò yíjú. Ó ní kò di dandan, pé kí Bàbá máa wò ó lọ, òun kàn wà níbẹ̀ ni.

"Ìbéèrè, jọ̀ọ́. Kò dára, ṣùgbọ́n tèmi ni. Wá bá mi wò ó."

Ó wá. Ó jókòó sí etí ibùsùn, bàbá rẹ̀ gbé ẹ̀rọ náà sáàárín wọn, orí wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Ìbéèrè bi bàbá rẹ̀ bóyá ó rí oorun sùn. Èmi ni mi ò lè bá wọn wò ó. Ìsàlẹ̀ ibùsùn ni mo jókòó sí, ẹ̀bá ẹsẹ̀ tí wọ́n fi báńdéèjì dì yẹn gan-an, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ti jáde lára rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ní láti sọ fún mi pé tirẹ̀ ni.